Ohun Tí Ojú Rí Nínú Túùbù: Ìrírí Mi Lórí Kíkọ́ Àwọn Ọmọ Nípa Áásìdì

Ẹ jí ọmọ SS1 tó ti ka kẹ́mísírì rẹ̀ dáadáa lóru, kí ẹ ní kó sọ ìwà áásìdì fún yín. Á kà á láìdánudúró: áásìdì máa ń kan lẹ́nu, ó máa ń sọ bébà litmus aláwọ̀ búlúù di pupa, tó bá pàdé irin kan, hydrogen á jáde, tó bá pàdé carbonate, carbon dioxide á jáde, tó bá sì pàdé alkali, òdìkejì rẹ̀, wọ́n á di iyọ̀ àti omi. Kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé túùbù lé ọmọ yìí kan náà lọ́wọ́, kí ẹ ju èérún zinc sínú áásìdì lójú rẹ̀, kí ẹ wá bi í pé, “Kí lo rí?” Yóò ní òun rí hydrogen.

Kò sẹ́ni tó lè rí hydrogen. Gáàsì tí kò ní àwọ̀ ni, kò sì ní òórùn. Ohun tí ọmọ náà rí ni ìfófòó kéékèèké tó ń jáde lára zinc tó ń sáré gòkè, zinc tó ń jẹ lọ díẹ̀díẹ̀, àti túùbù tó ń móoru lọ́wọ́. Hydrogen jẹ́ ohun tó rò, ó sì rò ó re, ṣùgbọ́n kò rí i. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ kẹ́mísírì nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn, ibi yìí gan-an ni mo rí i pé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa ti ń yọ̀ jù, ju ìṣirò lọ, ju èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nínú ìdánwò àṣefihàn WAEC, apá ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ ohun tí ojú rí sí, apá ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ ohun tó túmọ̀ sí. Ọmọ tó bá kọ ọ́ sí apá ohun tó rí pé carbon dioxide jáde ti sọ máàkì nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló jáde lóòótọ́. Kó kọ ọ́ pé ó hó, pé gáàsì tó jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì sọ limewater, omi mímọ́ kedere tí a fi ń dá carbon dioxide mọ̀, di funfun. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó láṣẹ láti pe orúkọ gáàsì náà.

Nítorí èyí, n kì í fi ìgò áásìdì bẹ̀rẹ̀ mọ́. Isápá ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, isápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe zobo. A ó da omi gbígbóná lé ẹ̀kúnwọ́ kan lórí, a ó jẹ́ kó tutù, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì pín omi pupa náà sínú ife kéékèèké. Àwọn ọmọ á wá kó ohun tí mo ní kí wọ́n mú wá láti ilé jáde: ọsàn wẹ́wẹ́, omi ògì, fínígà, omi eérú, omi káún, omi ọṣẹ dúdú. N kì í sọ fún wọn èyí tó jẹ́ áásìdì nínú wọn. Wọ́n á kán ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife kan, pupa rẹ̀ á túbọ̀ mọ́ yòò. Wọ́n á kán omi káún sínú òmíràn, pupa náà á kọ́kọ́ ṣú, á fẹ́ di àlùkò, á sì di àwọ̀ ewé tó dọ̀tí díẹ̀. Ariwo tó máa ń sọ lásìkò yẹn, wọ́n máa ń gbọ́ ọ dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Tí wọ́n bá tún fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife aláwọ̀ ewé yẹn, díẹ̀díẹ̀, á hó, ìfófòó á gba ojú rẹ̀, á sì padà di pupa. Ọmọ tó bá rí èyí ti rí iṣẹ́ mẹ́ta pa pọ̀: ó ti rí ohun tó ń fi áásìdì hàn, ó ti rí bí áásìdì ṣe ń pa agbára alkali, ó sì ti rí i pé carbonate wà nínú káún. Kò tíì mọ orúkọ ìkankan nínú wọn, ìyẹn ò sì dùn mí rárá.

Omi ògì ló máa ń fa àríyànjiyàn. Kì í yí àwọ̀ zobo padà tó ti ọsàn wẹ́wẹ́, nítorí áásìdì inú rẹ̀, lactic acid, kò le tó ti ọsàn. Àwọn kan á ní kò ṣe nǹkan kan. Àwọn kan á ní ó ṣe. Mo máa ń ní kí wọ́n gbé èyí tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ ti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, kí wọ́n fi ife zobo lásán sáàárín, kí wọ́n tún un wò. Ilé wọn ni wọ́n ti mọ̀ pé omi ògì tó bá pẹ́ máa ń kan sí i. Òfin kan wà tí n kì í gbà kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lójú: ahọ́n ò gbọdọ̀ kan ohunkóhun nínú láàbù, ì báà jẹ́ ọsàn tí a rà lọ́jà láàárọ̀ yẹn. Ife tí isápá wà nínú rẹ̀ lónìí lè jẹ́ èyí tí iyọ̀ lead wà nínú rẹ̀ lánàá.

Bí mo bá wá mú bébà litmus jáde lẹ́yìn èyí, kì í jọ wọ́n lójú mọ́ bí oògùn. Wọ́n ti mọ̀ pé iṣẹ́ isápá ló ń ṣe. Ara lichen, ohun tó ń hù mọ́ àpáta àti èèpo igi, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń yọ àwọ̀ litmus. Nọ́ńbà pH náà á wá rọrùn. Søren Sørensen, ará Denmark, ló gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1909 níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní láàbù Carlsberg, iléeṣẹ́ tó ń pọn bíà ní Copenhagen. Àwọn apọntí nílò láti mọ bí ohun tí wọ́n ń pọn ṣe kan tó, ahọ́n nìkan ò sì tó fún wọn. Méje ni àárín. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ méje jẹ́ áásìdì. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà ní nǹkan bíi 2. Bí nọ́ńbà náà bá fi oókan wálẹ̀, agbára áásìdì ti di ìlọ́po mẹ́wàá, èyí sì ni àwọn ọmọ máa ń gbàgbé jù. Wọ́n á rò pé 3 àti 5 súnmọ́ ara wọn. Ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ló wà láàárín wọn.

Dilute hydrochloric acid, áásìdì tí a ti fi omi là, ló kàn. Mo máa ń to túùbù márùn-ún sórí igi ìtẹ̀lé wọn, áásìdì tó dọ́gba nínú gbogbo wọn: magnesium, zinc, ìṣó tí a ti fi bébà oníyanrìn ha ìpẹtà rẹ̀ dànù, bébà aluminium tí wọ́n fi ń wé ẹja yíyan, àti wáyà bàbà tí a bó ara rẹ̀. Magnesium á hó kíkankíkan, á tán kí ẹni tó ń kọ̀wé tó gbójú sókè. Zinc á máa bá tirẹ̀ lọ létòlétò. Ìṣó á lọ́ra. Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu túùbù zinc fún ìgbà díẹ̀, tí ẹ wá gbé igi tó ń jó sí ẹnu rẹ̀, á dún pọ́ọ̀! Ìró yẹn ló fún wa láṣẹ láti sọ pé hydrogen ni.

Wáyà bàbà kò ní ṣe nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń wo ìwé àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ á fi àyè sílẹ̀ láìkọ ohunkóhun, bí ẹni pé iṣẹ́ wọn ò yọrí. Àwọn mìíràn á kọ ọ́ pé ìfófòó díẹ̀ jáde, nítorí wọ́n rò pé ó yẹ kó jáde. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: kò sí ìyípadà kankan. Ìdáhùn ni. Òun ló sọ fún wa pé bàbà wà nísàlẹ̀ hydrogen nínú ìtò tí a fi ń to àwọn irin bí agbára wọn ṣe tó, kò lè lé e kúrò nínú áásìdì. Ọmọ kan bi mí nígbà kan pé, “Mà, kí ló dé tí ìyá àgbà mi fi ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ àwo bàbà, tó sì ń dán?” Ìbéèrè tó dára gidi nìyẹn. A mú wáyà bàbà kan, a fi iná sun ún títí ara rẹ̀ fi dúdú, a jẹ́ kó tutù, a sì tì í bọ inú áásìdì náà. Dúdú yẹn ṣí kúrò, bàbà pọ́n yòò, omi náà sì gba àwọ̀ ewé díẹ̀. Ìdọ̀tí tí afẹ́fẹ́ kó bá bàbà, copper oxide, ni áásìdì jẹ. Kò fọwọ́ kan bàbà fúnra rẹ̀. Ìyá àgbà yẹn mọ ohun tó ń ṣe.

Aluminium ló máa ń dán sùúrù wò. Wọ́n á jù ú sínú áásìdì, kò ní mira. Ìṣẹ́jú kan á lọ, òmíràn á lọ. Ọmọ tó ń kánjú á kọ ọ́ pé kò sí ìyípadà, á sì fẹ́ da túùbù náà nù. Mo máa ń dúró ti túùbù yẹn. Láìpẹ́, ìfófòó kan á so mọ́ etí bébà náà, òmíràn á tẹ̀lé e, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, lójijì gbogbo rẹ̀ á bú sókè, túùbù á gbóná débi pé wọn ò ní lè dì í mú. Aluminium oxide tó bo ojú rẹ̀ ni áásìdì kọ́kọ́ ń jẹ. Nígbà tí ìyẹn tán ló tó kan irin gan-an. Láti ara rẹ̀ ni mo ti kọ́ wọn láti máa kọ àsìkò sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí wọ́n rí. “Kò sí ìyípadà” láìsọ pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó, ìdajì ọ̀rọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ni mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi fara balẹ̀ gbọ́ jù. Ìwé wa sọ pé ṣọ́ọ̀kì jẹ́ calcium carbonate, pé tí a bá ju ú sínú áásìdì á hó. Òótọ́ ni nípa ṣọ́ọ̀kì tí ìwé ń wí: òkúta funfun ni, irú èyí tó ga bí ògiri létí òkun ní Dover, ní gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń kọ̀wé sójú pátákó níbí, POP ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń ṣe é, POP kan náà tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé. Wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á rọ ọ́ sínú ihò tó wà lójú pákó tàbí rọ́bà, á gan, wọ́n á sá a. Calcium sulphate ni, kì í ṣe carbonate.

Mo pín àwọn ọmọ SS2 sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, mo fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní èèpo ẹyin, ìkarahun ìgbín tí a gún, àti èérún ṣọ́ọ̀kì tí mo ṣẹ́ lára èyí tó wà lọ́wọ́ mi gan-an. Èèpo ẹyin hó. Ìkarahun ìgbín hó. Nígbà tí mo gba ìwé wọn, gbogbo ẹgbẹ́ ló kọ ọ́ pé ṣọ́ọ̀kì náà hó gidigidi, àfi ẹgbẹ́ kan tó jókòó lẹ́yìn. Tiwọn kà pé: “Ìfófòó díẹ̀ jáde, ó sì dáwọ́ dúró. Ṣọ́ọ̀kì ṣì wà níbẹ̀.” Ọmọkùnrin tó kọ ọ́ wá bá mi, ojú rẹ̀ rẹlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, tiwa ò hó o. Bóyá áásìdì tiwa ti kú.”

Mo ní, “Báwo lo ṣe lè mọ̀ bóyá ó ti kú?”

Ó ronú díẹ̀. Ó mú èèpo ẹyin, ó jù ú sínú túùbù yẹn kan náà. Ó hó ṣùṣù. Áásìdì ò kú.

Mo tún bi í pé, ìfófòó díẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde yẹn ńkọ́, níbo ló ti wá? Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ní kí wọ́n ju ṣọ́ọ̀kì sínú omi lásán. N kò sọ fún wọn kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n jù ú sínú omi, ìfófòó díẹ̀ jáde, ó sì dáwọ́ dúró, gẹ́lẹ́ bó ṣe ṣe nínú áásìdì. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú àwọn ihò ara ṣọ́ọ̀kì ni omi ń lé jáde. Nígbà náà ni gbogbo kíláàsì ti pé yí tábìlì wọn ká. A fi limewater dán gáàsì èèpo ẹyin wò, ó di funfun. A dán ti ṣọ́ọ̀kì wò, limewater náà mọ́ kedere.

Mo fún ẹgbẹ́ ẹ̀yìn yẹn ní máàkì wọn pé pérépéré lójú gbogbo kíláàsì, mo sì ní kí àwọn tó kù padà lọ kọ ohun tí túùbù tiwọn ṣe. N kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ìwé ló kọ ọ́, àgbà ló ń kọ ìwé, a sì ti tọ́ wọn dàgbà pé kí wọ́n má bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n túùbù kò mọ àgbà. Láti ìgbà náà, ṣọ́ọ̀kì ò kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ mi. Ẹ dán tiyín wò kí ẹ tó wọ kíláàsì o, nítorí àwọn iléeṣẹ́ kan ń fi calcium carbonate ṣe tiwọn lóòótọ́. Fínígà tó wà nílé ìdáná tó láti fi dá a mọ̀.

Nínú ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n béèrè bóyá dilute sulphuric acid náà á jẹ ìkarahun ìgbín. A dán an wò. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó hó, lẹ́yìn náà ó ń rọlẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni áásìdì ṣì pọ̀ nínú túùbù, litmus ṣì ń pọ́n. Nígbà tí a yọ ìkarahun náà jáde, ohun funfun kan ti bò ó. Calcium sulphate ni, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yòrò nínú omi, ó ti dí ojú ìkarahun pa mọ́ áásìdì. Ọmọ ẹ̀yìn yẹn náà ló pariwo pé, “Ṣọ́ọ̀kì ló bò ó!” Òótọ́ ló sọ.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń lò fún ìbéèrè pé kí ni áásìdì gan-an. Mo máa ń ra Andrews lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oògùn, mo á tú u sórí bébà gbígbẹ. Citric acid wà nínú rẹ̀, sodium bicarbonate náà wà nínú rẹ̀, wọ́n ti jọ wà nínú ọ̀rá láti ọjọ́ tí wọ́n ti dì í, wọn ò bá ara wọn jà. A ó kán omi sí i, ó di ariwo. Kí ni omi ṣe? Svante Arrhenius, ará Sweden, ló dáhùn èyí. Nínú iṣẹ́ tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Uppsala ní ọdún 1884, ó ní irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń pín sí ion, èérún kéékèèké tó ní agbára iná lára, tí wọ́n bá wọ inú omi. Ohun tó sì sọ nǹkan di áásìdì ni hydrogen ion tó ń tú sílẹ̀ nínú omi. Máàkì tí kò dára ni àwọn olùyẹ̀wò fún un. Ní ọdún 1903, ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kó tó dìgbà tirẹ̀, Lavoisier ní ilẹ̀ Faransé ti sọ pé oxygen ló wà nínú gbogbo áásìdì, ayé sì gbà á gbọ́, títí Humphry Davy fi fi hàn ní ọdún 1810 pé kò sí oxygen kankan nínú hydrochloric acid. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn àgbà kẹ́mísírì náà ti gba ohun tí túùbù kò sọ gbọ́ rí.

Ẹni tó kọ́ mi ní ọwọ́ tí a fi ń mú áásìdì líle kì í ṣe yunifásítì. Bàbá tó ń ṣètọ́jú láàbù wa ni, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Tó bá fẹ́ fi omi la sulphuric acid, ìgò náà á dúró lókèèrè. Á kọ́kọ́ bu omi sínú ìkòkò gíláàsì ńlá, á gbé e sínú bàsíà omi tútù, á wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú, kó tó wá máa fi áásìdì sínú omi ní ìwọ̀nba, tó ń rò ó, tó sì ń dúró kó tutù. “Tíṣà,” ló máa ń wí fún mi, “omi ni onílé, áásìdì ni àlejò. Àlejò kì í ṣáájú onílé wọlé.” Kẹ́mísírì tó wà nídìí rẹ̀ kò ní àṣìṣe. Sulphuric acid líle fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì omi: ìwọ̀n cm³ kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1.84 giramu. Tí a bá da omi lé e lórí, omi á léfòó, ooru tó pọ̀ á jáde ní ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, omi yẹn á hó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á sì fọ́n áásìdì sí ẹni tó ń dà á lójú. Tí áásìdì bá ń wọnú omi, omi tó pọ̀ ló ń gba ooru náà mọ́ra.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju ti láàbù lọ ni ti ìta. Sulphuric acid ni omi bátìrì mọ́tò, inú ìgò omi mímu sì ni ọ̀pọ̀ ń rọ ọ́ sí, tí wọ́n á gbé e sí abẹ́ àga tàbí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò ní àwọ̀, kò yàtọ̀ sí omi. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọdé kan. Mo máa ń ya àsìkò sọ́tọ̀ láti sọ èyí fún àwọn ọmọ, mo sì máa ń ní kí wọ́n lọ wo ilé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: kí wọ́n sọ fún bàbá wọn, fún ẹ̀gbọ́n wọn tó ń tún bátìrì ṣe, pé kí ó wà nínú ìgò tirẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kí wọ́n sì gbé e sókè. Tó bá ta sí ènìyàn lára, omi tó ń ṣàn, omi púpọ̀, fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí wọ́n bọ́ aṣọ tó wà níbẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí ẹnikẹ́ni má fi epo pupa pa á, kí ẹnikẹ́ni má sì sáré wá eérú.

Titration, ìyẹn wíwọn iye áásìdì tó máa pa agbára alkali, ni àwọn ọmọ máa ń bẹ̀rù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan burette, túùbù gígùn onínọ́ńbà tí áásìdì ń kán láti inú rẹ̀, títí ìdánwò àṣekágbá á fi kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Èyí máa ń bí mi nínú. Omi lásán tó láti fi kọ́ ọmọ SS1 bí a ti ń ṣí ẹnu burette kí omi lè máa kán lẹ́yọ lẹ́yọ, bí a ti ń rẹ ara sílẹ̀ kí ojú lè ṣe déédéé pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ibi tí omi náà ti tẹ̀ kòtò, àti bí a ti ń kọ nọ́ńbà méjì sẹ́yìn àmì ìdá. Fífi ẹnu fa pipette, túùbù tí a fi ń wọn alkali, náà yẹ kó dópin pátápátá. Sodium hydroxide, alkali líle kan, tó bá wọ ẹnu ọmọ lè bó o. Rọ́bà tí a fi ń fa pipette kò wọ́n tó ẹnu ọmọ.

Ìwà kan tún wà tó gbilẹ̀. Tí ẹnìkan bá ti kọ́kọ́ rí èsì, ìyẹn iye cm³ áásìdì tó lò, gbogbo tábìlì á ti gbọ́, wọ́n á sì hun tiwọn yí i ká, 23.80, 23.90, 23.80, kó lè wà láàárín 0.20 sí ara wọn bí ìdánwò ṣe fẹ́. Ọmọbìnrin kan ní SS2 rí 24.90, ó tún un ṣe, ó rí 25.30. Mo gbọ́ nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ fún un pé, “Kọ 23.80 jàre, mà ò lè mọ̀.” Kò kọ ọ́. Ó gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi bó ṣe rí.

Mo ní kó tún gbogbo rẹ̀ ṣe lójú mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má sì fo nǹkan kan. Ó ṣan burette pẹ̀lú áásìdì, ó dára. Ó ṣan pipette pẹ̀lú alkali, ó dára. Ó wá bu alkali náà díẹ̀, ó fi ṣan conical flask, ìgò tí alkali máa wà nínú rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n dànù, kó tó fi pipette rọ 25.00 cm³ sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti dá a dúró. Mo bi àwọn tó pé jọ pé, mélòó ni alkali tó wà nínú flask yẹn báyìí? Ẹnìkan ní 25. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló mì orí: “Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ mà. Èyí tó kù lára gíláàsì wà níbẹ̀.” Èyí tó ń kù lára gíláàsì kì í dọ́gba lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí èsì rẹ̀ méjèèjì ò fi bá ara wọn mu, tí wọ́n sì jọ ga ju ti àwọn tó kù lọ. Ó fi omi tí a sè, tí a sì kó ooru rẹ̀ jọ, ṣan flask náà, ó rọ alkali sí i, ó kán methyl orange, aró tó ń fi áásìdì hàn, lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ áásìdì sí i títí àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ fi di olómi ọsàn. 23.80. Ó tún un ṣe. 23.85.

Omi lásán tó bá kù nínú flask kì í dí iṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí kò ní alkali kankan nínú. Iye tí pipette rọ síbẹ̀ ni áásìdì máa bá pàdé. Ọmọbìnrin yẹn ló ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn SS2 tó tẹ̀lé wọn nígbà tó dé SS3, ó sì kọ́kọ́ máa ń ní kí wọ́n fi alkali ṣan flask kan, kí wọ́n fi omi ṣan èkejì, kí wọ́n wo èsì méjèèjì kí òun tó sọ̀rọ̀.